Aṣọ Ìdágbére Nọ́ọ̀sì Lucy

Ká ní ẹnì kan ti sọ fún Làbákẹ́ pé káàdì aláṣọ kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni yóò lé e kúrò ní Mùṣín ní ìdájí bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, ì bá ti ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú kànga.

Aránṣọ ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Mùṣín ló ti bí àwọn ọmọ tirẹ̀. Níwájú ilé tí òun àti Ògúntádé ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Òpópó Abọ́dúndé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì kan, àti àpò ìrẹsì ńlá kan tó kún fún àgékù àǹkárá. Làbákẹ́ kì í da àgékù nù.

Ohun tó ń fi wọ́n ṣe nìyí. Àṣàkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ń bẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì mọ̀wé. Bí Làbákẹ́ bá kọ lẹ́tà sí i, ọmọ ará ilé kejì ni yóò kà á fún un, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, gbogbo agbo ilé á ti mọ̀ pé Ògúntádé kò ríṣẹ́ ṣe lóṣù yìí, tàbí pé oyún ń mú kí Làbákẹ́ máa bì. Ló bá dáwọ́ lẹ́tà dúró. Ó ń gé àǹkárá ní ìwọ̀n káàdì, ó ń fi òwú ìrọ̀rí díẹ̀ sí i nínú, ó ń fi aṣọ funfun bò ó lẹ́yìn, á wá fi abẹ́rẹ́ gán gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní ìlà-ìlà kí òwú inú rẹ̀ má baà ṣù jọ. Ojú káàdì ni yóò rán àwòrán sí: ibùsùn kékeré bí ọmọ bá dé, òòlù bí ọkọ rẹ̀ bá ríṣẹ́, ẹsẹ̀ méjì bí òun fúnra rẹ̀ bá ń bọ̀ wálé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi bírò kọ àdírẹ́sì sí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyá, kí lèyí? Lẹ́tà ni àbí ìrọ̀rí?"

"Ìrọ̀rí eku ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí i."

Ó lu òǹtẹ̀ sí i, káàdì náà sì dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tó ṣe ọ̀kan fún Nọ́ọ̀sì Lucy. Ọmọ Sàpẹ́lẹ̀ ni Nọ́ọ̀sì yìí, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré tí ìjọ kan kọ́ sí ìparí òpópó wọn. Obìnrin náà le. Bí aboyún bá pẹ́ kó tó wá ṣe àyẹ̀wò, Nọ́ọ̀sì á bú u títí á fi fẹ́ẹ́ sunkún, á sì tún bú u pé kó má sunkún, lẹ́yìn náà á po tíì fún un. Òun ló gbẹ̀bí Mobọ́lájí, àbíkẹ́yìn Làbákẹ́. Làbákẹ́ wá ṣe káàdì kan láti fi dúpẹ́, ó rán àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ méjì sí i lójú. Nọ́ọ̀sì kàn án mọ́ ògiri lókè tábìlì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wọlé tí kò rí i.

Bàbá Àkàngbé náà rí i. Òun ni alága ìpàdé òpópó. Iṣẹ́ rélùwéè ló ti fẹ̀yìntì, láti ìgbà náà kò sì tíì rí ohun tó dùn mọ́ ọn tó ìpàdé. Nígbà tí ìròyìn dé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, pé ìjọ tó ni ilé ìgbẹ̀bí ń gbé Nọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin, ohun tí Bàbá Àkàngbé kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pe ìpàdé. Làbákẹ́ jókòó lẹ́yìn, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà rẹ̀ kan.

"Kí gbogbo ojúlé fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn sórí aṣọ," ni Bàbá Àkàngbé wí. "Kí Làbákẹ́ fi òwú tẹ̀ lé ìkọ̀wé ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di kúbùsù kan ṣoṣo, bí káàdì tó ṣe yẹn gẹ́lẹ́, àmọ́ kó tóbi tó bẹ́ẹ̀dì. Ibi yòówù kí Nọ́ọ̀sì máa sùn n'Ílọrin, abẹ́ orúkọ wa ni yóò máa sùn sí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Làbákẹ́ gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ dúró ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ mẹ́ta ni."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ojúlé márùndínlógójì ló wà ní òpópó náà. Làbákẹ́ gé aṣọ funfun onígun mẹ́rin márùndínlógójì, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ohun kan náà ló sọ fún gbogbo wọn: ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ yín sí i, ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ létí yíká, ẹ dá a padà fún mi lọ́jọ́ Sátidé.

Ní Sátidé, mẹ́rin ló padà. Wọ́n ti fi ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nu ẹnu ọmọ.

Èyí tó kọ́kọ́ mú inú bí i ni ti Gbádé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe akọ̀wé ní Yaba. Ohun tó kọ sórí aṣọ dà bí ìgbà tí adìyẹ tẹ ẹ̀jẹ̀ tó sì sáré.

"Gbádé, níbo lorúkọ wà nínú rádaràda yìí?"

"Sígínéṣọ̀ mi nìyẹn, Àǹtí. Bí mo ṣe máa ń fọwọ́ sí ìwé lọ́fíìsì nìyẹn."

"Mo ní kí ẹ fi àyè sílẹ̀ létí. Èyí ti kọjá etí. Ìdajì rẹ̀ wà lórí tábìlì nílé yín."

"Ẹ kúkú fi aṣọ díẹ̀ kún tèmi."

Làbákẹ́ wò ó. Ó gba aṣọ náà. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi tẹ̀ lé ẹsẹ̀ adìyẹ.

Alàájì Sàlíhù, tó ń ta páànù, kọ orúkọ tirẹ̀ dáadáa. Sàlíhù, ó parí. Làbákẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi òwú aláwọ̀ ewé rán an lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alàájì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Mobọ́lájí, ó jọ pé mo gbàgbé láti kọ Alàájì síwájú rẹ̀. Mẹ́kà ni mo lọ o. Kì í ṣe Ìjẹ̀bú."

Làbákẹ́ tú u. Ó fún un ní aṣọ tuntun, òun náà kọ Alàájì Sàlíhù sí i, Làbákẹ́ sì rán an. Lọ́jọ́ kẹta, Alàájì tún dé. Ó fẹ́ kí wọ́n fi "àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀" sí i.

"Alàájì, ṣé pátákó ṣọ́ọ̀bù ni?"

"Ìwọ ṣáà bá mi fi sí i."

Ní ilé Yẹ̀kínnì alápatà, ìyàwó méjì ló wà níbẹ̀, Lateefat ìyáálé àti Sìmíátù, aṣọ kan ṣoṣo sì ni Làbákẹ́ fún ojúlé náà. Àwọn méjèèjì jọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Lateefat ní ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ ló yẹ kó wà lókè. Sìmíátù ní ọmọ tòun tí Nọ́ọ̀sì gbẹ̀bí pọ̀ ju ti ìyáálé òun lọ. Làbákẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà fún wákàtí kan, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Nígbà tó sú u, ó ní kí Lateefat kọ orúkọ rẹ̀ láti apá kan, ó yí aṣọ náà po, ó ní kí Sìmíátù kọ tirẹ̀ láti apá kejì, ó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá dojú rẹ̀ kọ ibí, Lateefat ló wà lókè, bó bá dojú rẹ̀ kọ ọ̀hún, Sìmíátù ni. Àwọn méjèèjì wò ó títí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí Lateefat padà wá bi í ní bòńkẹ́lẹ́ pé apá wo ni Nọ́ọ̀sì máa ń kọ orí sí bó bá sùn.

Ti Ìyá Àṣàbí ló wá le jù. Arúgbó ni Ìyá Àṣàbí, ó ń ta èédú, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Kí Nọ́ọ̀sì tó dé, òun ni agbẹ̀bí òpópó náà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé òun àti Nọ́ọ̀sì kò rẹ́. Kò mọ̀wé. Làbákẹ́ ní kó fi àtàǹpàkò tẹ yíǹkì kó tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ.

"Àtàǹpàkò?" ni Ìyá Àṣàbí pariwo. "Ilé ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń tẹ àtàǹpàkò. Kí ni mo jí?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó dá aṣọ náà padà fúnra rẹ̀. Ó ti ki gbogbo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ aró ẹnì kan tó ń ṣe àdìrẹ, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márààrún. Kò sí etí, kò sí àyè, ọwọ́ ṣáá ni.

"Ìyá, báwo ni mo ṣe fẹ́ rán èyí?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ẹ ṣeun, Ìyá!"

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta ni gbogbo rẹ̀ wá bàjẹ́ pátápátá. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìdágbére, aṣọ márùndínlógójì ti pé, Làbákẹ́ ti rán orúkọ sí gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí tábìlì, nítorí kò sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹnì kan kì í yọjú pé òun kàn ní kóun wo tòun. Bàbá Àkàngbé wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀.

"Làbákẹ́, mi ò ní pẹ́. Mo kàn ní kí n rán ọ létí pé orúkọ alága ló máa ń wà láàárín."

"Àárín ibo, Bàbá?"

"Àárín kúbùsù. Márùn-ún níbùú, méje lóròó. Mo ti ṣírò rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ sáàárín gan-an."

Ó ṣe ni láàánú pé Alàájì Sàlíhù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì bá wá.

"Alága kẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ kọ́lé sí òpópó yìí? Nígbà tí mo débí, igbó ni. Ejò ni mo bá níbí."

"Ejò tí ẹ bá níbí kò sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ yín sáàárín."

Ohùn lọ sókè. Ẹni tó ń kọjá dúró, ẹlòmíràn dúró tì í. Bàbá Àkàngbé ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀, Alàájì ń ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè sórí èjìká, ọ̀kan nínú wọn sì ti fi bàtà tẹ òwú pupa tí Làbákẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì yíjú sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìwọ Làbákẹ́, sọ̀rọ̀! Ta ló tọ́ sí?"

"Ẹ jọ̀wọ́," ni Làbákẹ́ wí, "ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí òwú mi."

Nígbà tó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò jókòó.

"Bàbá Mobọ́lájí, mò ń lọ sọ́dọ̀ Àṣàkẹ́ lọ́la."

"Ta ló kú?"

"Èmi ni mo fẹ́ẹ́ kú. Mo fẹ́ lọ rán aṣọ yẹn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Mobọ́lájí wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń bọ̀."

Ògúntádé rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi pá a lórí. "Bí wọ́n bá bi mí ńkọ́?"

"Ẹ sọ pé mo lọ ra òwú."

"N'Ógbómọ̀ṣọ́?"

"Òwú ibẹ̀ ló dáa."

Bó ṣe di pé ní ìdájí ọjọ́bọ̀, Làbákẹ́ wà ní Jíbówú nìyẹn, ó di àpò aṣọ mọ́ àyà, ó ń wẹ̀yìn wò. Ó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìlọrin, tó máa gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Àyè kan ṣoṣo ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó we gèlè bo ìpéǹpéjú, tó sì wọ dígí dúdú nígbà tí oòrùn kò tíì yọ. Làbákẹ́ jókòó.

"Má pariwo," ni obìnrin náà wí.

Làbákẹ́ yíjú. "Nọ́ọ̀sì?"

"Mo ní o má pariwo."

"Ṣebí ọjọ́ Ajé lẹ ń lọ!"

"Òní ni mò ń lọ." Nọ́ọ̀sì Lucy bọ́ dígí náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, adìyẹ mọ́kànlá ni wọ́n ti gbé wá fún mi, gbogbo wọn ló wà láàyè. Ọ̀kan yé ẹyin sórí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo kó wọn fún ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n tún ní àwọn á gbé mi jókòó sórí àga láàárín òpópó, kí Bàbá Àkàngbé wá máa sọ̀rọ̀ lé mi lórí. Làbákẹ́, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sọ fún àwọn obìnrin yẹn pé kí wọ́n yé sunkún. Mi ò lè wá máa sunkún lójú wọn. Ìwọ ńkọ́, kí ló lé ọ?"

Làbákẹ́ ti àpò sábẹ́ ìjókòó. "Mò ń lọ ra òwú ni."

"Ṣé kúbùsù mi ló wà nínú àpò yẹn?"

Làbákẹ́ tún fi ẹsẹ̀ tì í wọlé sí i.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ti wá sọ ọ́ sí mi létí pé àṣírí ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Làbákẹ́ fi ń sáré bo tábìlì rẹ̀ nígbàkígbà tí Nọ́ọ̀sì bá ń kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ó fa àpò náà yọ, ó tú u lé ẹsẹ̀ Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ gbà. Ẹrù yín ni. Mi ò rí irú iṣẹ́ báyìí rí láyé mi. Ẹ wò ó, ó ti sú mi."

Bọ́ọ̀sì gbéra. Wọ́n ti kọjá Ìkòròdú kí Nọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn súnmọ́ fèrèsé.

"Aláǹgbá ni èyí?"

"Gbádé ni."

"Gbádé!" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, òun ló dákú. Èmi àti ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ la jọ gbé e sórí bẹ́ǹṣì." Ó mú òmíràn. "Alàájì Sàlíhù àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀. Ó ṣeun tó rántí wọn. Mẹ́jọ ni mo gbẹ̀bí nínú wọn."

Làbákẹ́ tó ti ń múra láti ṣàròyé nípa Alàájì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ojú ń tì í díẹ̀, inú sì ń bí i pé ojú ń tì òun.

Nọ́ọ̀sì wá kan ọwọ́ aláró Ìyá Àṣàbí. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ lé e lórí, ìka sí ìka. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.

"Gbogbo ayé ló rò pé èmi àti Ìyá Àṣàbí ń jà," ló wí. "Ọdún kìíní tí mo dé, Lateefat ń rọbí, ọmọ dábùú nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ni mo ti ṣe tán. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ pe Ìyá Àṣàbí. Ó fi ọwọ́ yìí tẹ ikùn rẹ̀ láti ìta, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ọmọ fi yí padà. Saidat ni ọmọ náà. Mo wá bẹ Ìyá pé kó má sọ, kí wọ́n má baà ní nọ́ọ̀sì tuntun kò mọṣẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún lọ pè é lẹ́yìn ìyẹn."

Làbákẹ́ rántí gbogbo ohun tó ti kùn sínú nígbà tó ń fi abẹ́rẹ́ yí àwọn ìka márùn-ún náà ká. Ó wo ojú fèrèsé títí wọ́n fi dé Ṣágámù.

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe bá a sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ílọrin, àyè wà. Àṣàkẹ́ tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yá ẹ̀rọ ìránṣọ aládùúgbò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó ti iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ní bí ojúlé kọ̀ọ̀kan ṣe kọ́kọ́ bímọ sọ́wọ́ òun ni kí wọ́n ṣe tò ó. Ojúlé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló rí nínú ìwé náà. Ìyá Àṣàbí nìkan ni kò bímọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Níbo ni ká fi ọwọ́ yìí sí?" ni Làbákẹ́ bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rí àyè kan ṣoṣo tí Nọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lórí ẹní.

"Fi sáàárín."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má pa mí. Ẹ̀yin ń lọ sí Ìlọrin ni. Mùṣín lèmi ń padà sí."

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o fi síbẹ̀."

Àṣàkẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wo gbogbo ìkọ̀wé tó yí ọwọ́ náà ká. "Ọwọ́ yẹn nìkan ni mo lè kà níbẹ̀," ló wí, ó sì padà sídìí òwú tó ń tú.

Wọ́n so ó pọ̀, wọ́n fi òwú ìrọ̀rí sí i, wọ́n fi àǹkárá bò ó lẹ́yìn, wọ́n gán an ní ìlà-ìlà. Lọ́sàn-án Sátidé, ó parí. Nọ́ọ̀sì ká a sábẹ́ apá, ó wọ mọ́tò Ìlọrin. Kò sunkún. Kí mọ́tò tó gbéra, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí bú dírẹ́bà pé bó bá sáré, òun á sọ̀ kalẹ̀.

Làbákẹ́ padà dé Òpópó Abọ́dúndé ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí agogo mẹ́rin ti kọjá. Wọ́n ti to àga kún ojú títì. Iwájú gbogbo wọn ni àga onítìmùtìmù kan wà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Kò sí ẹni lórí rẹ̀.

"Òun nìyẹn!" ni ẹnì kan kígbe.

"Níbo lo gbà lọ?" Bàbá Àkàngbé sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Ọkọ rẹ ní o lọ ra òwú! Níbo ni kúbùsù wà? Níbo ni Nọ́ọ̀sì wà? A kanlẹ̀kùn títí, adìyẹ nìkan ló dá wa lóhùn!"

Làbákẹ́ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú eruku lójú, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti Jíbówú títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kò sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọmọ tó dábùú. Ariwo ta. Wọ́n ní ó ti ba ìdágbére wọn jẹ́. Wọ́n ní kí ló dé tí kò fà á padà wá. Èyí kò pẹ́ rárá, nítorí Gbádé fà á lápá.

"Àǹtí, ṣé ó rí tèmi?"

"Ó rí i."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ìwọ lo dákú."

Ẹ̀rín bú jáde, àwọn yòókù sì dà bò ó. Ṣé ó rí tàwa? Ìwọ sọ fún un pé èmi ni? Alàájì Sàlíhù fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà, ó gbọ́ pé Nọ́ọ̀sì kí òun kú ìrántí àwọn ọmọ, ó wo ọ̀tún wo òsì bóyá gbogbo ènìyàn gbọ́. Lateefat àti Sìmíátù bèèrè, àwọn méjèèjì, apá wo ni wọ́n rán sókè. Bàbá Àkàngbé ló wá fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Ta ló wà láàárín?"

Gbogbo òpópó na ọrùn.

"Ìyá Àṣàbí," ni Làbákẹ́ wí. "Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹjọ́, mọ́tò Ìlọrin ń lọ lójoojúmọ́ ní Jíbówú."

"Kí ni wọ́n ń wí nípa mi?" ni Ìyá Àṣàbí bèèrè láti ibi tó jókòó sí.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà láàárín, Ìyá!"

"Àárín kí ni? Ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n fi mí sí níbí."

Àwọn kan dìde, wọ́n gbé àga rẹ̀ síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣófo. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é. Bàbá Àkàngbé wò wọ́n, ó wo Alàájì. Ó tẹ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ojú ìwé mẹ́fà ni mo kọ," ló wí.

"Bàbá, Nọ́ọ̀sì ti lọ."

"Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Mo ṣì máa kà á."

Ó kọjú sí àga tó ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀. Làbákẹ́ rò pé àwọn ènìyàn á túká. Wọn ò túká. Nígbà tí Bàbá dé ojú ìwé kejì, níbi tó ti ń sọ bí Nọ́ọ̀sì ṣe máa ń bú wọn, Lateefat ti ń sunkún, Sìmíátù ti na etí ìró tirẹ̀ sí i kó fi nu ojú. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹrin, Alàájì Sàlíhù ti rìn wá sídìí Làbákẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tẹ̀ ba.

"Ìyá Mobọ́lájí. Àwọ̀ òwú wo lo fi rán tèmi?"

"Àwọ̀ ewé, Alàájì."

"Àwọ̀ ewé." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé kò yẹ kó jẹ́ pé..."

Làbákẹ́ dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó wọ inú ilé rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn, ó sì sùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gèlè lórí.